Ikọ́ Tó Bá Ti Tó Ọ̀sẹ̀ Méjì, Ẹ Má Fi Í Pamọ́

Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ọ̀rọ̀ ikọ́ ni mo fẹ́ fi òwe yìí sọ.

Ọ̀kan nínú wa tó ń ta ata ní Ṣógúnlé níbí wúkọ́ fún oṣù méjì gbáko. Ó ra oògùn ikọ́ ní kẹ́mísì, ìgò lórí ìgò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ sí ilé ìwòsàn nítorí ara gbígbóná, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fún un ní oògùn ibà. Ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè ikọ́, òun náà ò sọ, ojú ń tì í. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí náà jẹ̀bi. Ńṣe ni mo sún ìsọ̀ mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, mi ò bá a sọ̀rọ̀. Ó ti rù, aṣọ ń bọ́ lára ẹ̀, kí nọ́ọ̀sì kan tó ń wọn ìfúnpá tó bi í pé: "Mọ́mì, ikọ́ yìí ti tó ọjọ́ mélòó?" Ìbéèrè yẹn ló gbà á là. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹ̀ wò, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní TB. Ó lo oògùn oṣù mẹ́fà pé. Ó ti padà sídìí ata ẹ̀, ara ẹ̀ sì ti bọ̀ sípò.

Ẹ gbọ́ o. Ìbáà jẹ́ ibà, ìbáà jẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ lẹ bá lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé, ohun mẹ́rin ló yẹ kí wọ́n bi yín: Ṣé ẹ ti ń wúkọ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì? Ṣé ara yín ń gbóná? Ṣé òógùn ń bò yín lóru? Ṣé ẹ ń rù? Bí wọ́n bá gbàgbé, ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́.

Lọ́dún 2022, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò pé nǹkan bí 479,000 ènìyàn ni àrùn yìí mú ní Nàìjíríà. Àwọn tí wọ́n rí kọ sílẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 285,000. Àwọn tó kù ńkọ́? Inú ọjà, inú dánfó, inú yàrá wa ni wọ́n wà.

Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe èpè. Kòkòrò ni, Robert Koch ará Jámánì ló rí i lọ́dún 1882. Inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà ràn nígbà tí ẹni tó ní in bá wúkọ́, pàápàá níbi tó há. Kì í ṣe ṣíbí tàbí àwo oúnjẹ.

Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn ẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba tó ń tọ́jú ẹ̀. Oògùn náà lè mú kí ìtọ̀ pọ́n bí omi ọsàn, ẹ má jáyà. Bí ara bá yá lóṣù kejì, ẹ má dáwọ́ dúró, torí kòkòrò tí oògùn ò pa tán á le koko ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kí wọ́n yẹ àwọn ọmọ kéékèèké tó wà nínú ilé wò pẹ̀lú.

Ohun tó bá ojú ló bá imú. Bí aládùúgbò ìsọ̀ yín bá ń wúkọ́, ẹ má sún ìsọ̀ bí mo ti ṣe. Ẹ mú un lọ́wọ́, kí ẹ jọ lọ.

Akọ̀wé ẹgbẹ́