DSA: Owó tí akẹ́kọ̀ọ́ àkàndá ẹ̀dá lè gbà ní England láìsan án padà

Ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá tó fi Lọ́ńdọ̀nù ṣe ilé ló mọ̀ pé ìjọba ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó láti fi lọ sí yunifásítì. Owó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yáwó yìí tí wọn kì í sábà bá ọmọ wọn béèrè. Disabled Students' Allowance lorúkọ rẹ̀, DSA ni gbogbo èèyàn ń pè é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ àkàndá ẹ̀dá ló wà fún. Ẹni tó bá gbà á kò ní san án padà, wọn kò sì ní wo iye tó ń wọlé fún bàbá tàbí ìyá rẹ̀.

Ohun tó ń dí wa lọ́wọ́, lójú tèmi, ni ọ̀rọ̀ pé “ọmọ tèmi kì í ṣe abirùn.” A rò pé ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran, tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn, tàbí tó ń lo kẹ̀kẹ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Òfin Equality Act ti ọdún 2010 kò wò ó bẹ́ẹ̀. Àìlera tó bá ti pé ọdún kan lára èèyàn, tàbí tó ṣeé ṣe kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tó sì ń ni ín lára gidi nínú ohun tí ẹlòmíràn ń ṣe wẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, lè wọ inú rẹ̀. Wárápá lè wọ̀ ọ́, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó wọra lè wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni dyslexia, tó ń mú kí ìwé kíkà nira fún ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ pé. Fòníkú-fọ̀ladìde tó pọ̀ nínú ẹbí wa náà ńkọ́? Ó lè wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Òtútù wà lára ohun tó ń gbé ìrora náà dìde, ìgbà òtútù sì bọ́ sí àárín sáà ẹ̀kọ́. Bí ìdúró ní ibùdókọ̀ bá lè dá àìsàn sílẹ̀ fún un, DSA lè san iye tí owó tákísí fi ju owó bọ́ọ̀sì tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń san lọ. Nítorí ọjọ́ tí ọwọ́ kò bá gbé bíírò, wọ́n lè fún un ní ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba ohùn sílẹ̀.

Fún ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026, iye tó pọ̀ jù lọ jẹ́ 27,783 pọ́ùn. Wọn kò ní kó o lé ọmọ lọ́wọ́ o. Ohun tí àìlera bá fi kún ìnáwó ẹ̀kọ́ nìkan ni wọ́n ń san, ọ̀dọ̀ ẹni tó ta ohun èlò náà ni owó sì sábà ń lọ tààrà. Kò kan owó ilé ìwé, kò kan owó ilé. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ni, akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò san 200 pọ́ùn àkọ́kọ́.

Student Finance England, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́, ni à ń kọ̀wé sí, pẹ̀lú ìwé dókítà. Dyslexia ń fẹ́ ìwé àyẹ̀wò ti onímọ̀. DSA kì í san owó àyẹ̀wò yẹn, nítorí náà kí ọmọ béèrè bóyá yunifásítì rẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí ni ẹnì kan yóò bá a jókòó láti mọ ohun tó nílò. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà mí fún àwọn ọmọ wa. A ti kọ́ wọn láti kékeré pé bí wọ́n bá gbọ́ “ṣé ara le?”, “a dúpẹ́” ni èsì, kódà bí eegun bá ń ro wọ́n. Ọjọ́ tó burú jù ni kí wọ́n ròyìn níbẹ̀: wákàtí mélòó ni wọ́n lè fi jókòó, kíláàsì mélòó ló bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ta ló ń bá wọn gbé báàgì.

Ẹni tó fi físà akẹ́kọ̀ọ́ wá láti Nàìjíríà kò lẹ́tọ̀ọ́ sí DSA. Ó dùn mí, nítorí owó ilé ìwé tirẹ̀ ló ga jù. Ṣùgbọ́n òfin 2010 yẹn kan náà pa á láṣẹ fún yunifásítì láti mú nǹkan rọrùn fún un níwọ̀n tó bọ́gbọ́n mu, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: bí àfikún àkókò nínú ìdánwò, tàbí ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ ṣáájú. Kí ó béèrè kí ó tó san owó àsansílẹ̀, kí ó sì gba èsì wọn ní àkọsílẹ̀.

Ètò DSA lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 14, kò sì di ìgbà tí yunifásítì bá fìdí àyè múlẹ̀ kí èèyàn tó kọ̀wé. Ẹni tó ń kàwé fún másítà lè béèrè. Ẹni tó ti wọ ọdún kejì kí àìsàn tó bẹ̀rẹ̀ náà ṣì lè béèrè.