Ẹ Jẹ́ Kí Ọ̀kan Pọ́n Lórí Igi

Igi ikàn mẹ́fà ló wà lẹ́yìn ilé ìdáná mi n'Ìbàdàn. Mẹ́rin nínú wọn ń so èyí tó funfun bí ẹyin adìẹ. Èso igi méjì yòókù rí roboto, àwọ̀ wọn bí ewé tútù, ilà funfun fẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lára wọn. Ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ láàárọ̀, kí n tó bọ́jú. Mo máa ń fi ìka gbé ewé wọn sókè kí n yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, torí abẹ́ ewé ni ọ̀tá ikàn ń sùn sí.

Láti kékeré ni mo ti ń jẹ ikàn, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo gbìn ín fúnra mi ni mo tó mọ̀ pé n kò tíì jẹ èyí tó pọ́n rí. Ikàn funfun tí wọ́n tò sórí àtẹ lẹ́bàá títì, tí à ń gé jẹ pẹ̀lú ẹ̀pà, kò tíì gbó. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ lórí igi, awọ rẹ̀ á kọ́kọ́ dà bí ọsàn tó ń pọ́n bọ̀, lẹ́yìn náà á pupa fòò. Èdè wa kúkú ti sọ ọ́: pọ́n tí à ń wí fún èso tó tó jẹ náà ni pọ́n tí à ń wí fún ohun tó pupa. Lórí ikàn ni a ti ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ méjèèjì pínyà, torí a kì í dúró dè é.

Orúkọ rẹ̀ kò dúró sójú kan. Níbòmíràn, ìgbá ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀. Níbòmíràn, ìgbá yàtọ̀, ikàn yàtọ̀. Èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní ìgbá yìí, ewé rẹ̀ gbòòrò, ó sì nípọn. Èso rẹ̀ jókòó sínú ìdí òdòdó ńlá bí orí tó wọ fìlà, bó bá sì gbó, ó máa ń dà bí àwọ̀ ìyeyè, kì í pupa. Ewé rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ jù. Ní Benin àti Togo, gboma ni wọ́n ń pe ewé náà, ọbẹ̀ rẹ̀ sì gbajúmọ̀ níbẹ̀ bí ẹ̀fọ́ rírò ṣe gbajúmọ̀ níbí. Ilẹ̀ Áfíríkà ni àwọn méjèèjì ti ṣẹ̀. Èyí tó gùn, tó dúdú bí àyìnrín, tó ń dán lórí àtẹ àwọn ilé ìtajà ńlá, ilẹ̀ Éṣíà ló ti wá, òun sì ni Linnaeus, onímọ̀ ewéko, sọ ní Solanum melongena ní 1753. Àwọn ará China àti India ló ń gbìn ín jù lọ láyé.

Ikàn tiwa náà rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n ìrìn àjò tirẹ̀ kò dùn ún sọ. Nígbà òwò ẹrú ló bá àwọn ènìyàn wa sọdá òkun dé Brazil. Jiló ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí dòní, orúkọ tó wá láti inú èdè Kimbundu ti ilẹ̀ Àǹgólà. Wọ́n ń ká a ní tútù bí tiwa, wọ́n ń dín in, wọ́n sì fẹ́ràn kíkorò rẹ̀. Bí mo bá ń rò ó pé èso kékeré yìí la gbogbo ìyà yẹn já, tó tún hù ní òdìkejì òkun, ó máa ń ṣe mí bíi kí n bọ́ bàtà kí n tó wọ ọgbà.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ gbìn ín, ojú ibi tí tòmátò mi ti kú lọ́dún tó ṣáájú ni mo gbìn ín sí. N kò mọ̀ pé ẹbí kan ni wọ́n. Tòmátò, ata, ikàn, ẹ̀fọ́ ọ̀dù, títí kan tábà, ìdílé kan náà ni gbogbo wọn, àìsàn kan náà ló sì ń wọlé tọ̀ wọ́n. Igi mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dàgbà, wọ́n tanná. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ewé ọ̀kan sorí kọ́ bíi pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Mo bomi rin ín. Lálẹ́ ó gbérí díẹ̀, inú mi dùn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, ó ti kú tòun ti ewé tútù lára rẹ̀, méjì mìíràn sì ti ń tẹ̀ lé e.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó ń dáko ẹ̀fọ́ létí odò. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi wò ó. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, má bomi sí i mọ́. Lọ gbé ife omi wá." Wọ́n fi ọ̀bẹ gé igi ikàn náà nítòsí gbòǹgbò, wọ́n rọra ti ojú ibi tí wọ́n gé bọ inú omi, wọ́n sì dì í mú láìmì. A ń wò ó. Kò pẹ́ tí nǹkan funfun kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú igi náà, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú omi bí èéfín tó dorí kodò. Wọ́n ní, "Ohun tó ń pa á nìyẹn. Inú ilẹ̀ ló wà."

Àwọn onímọ̀ ń pe kòkòrò àìfojúrí náà ní Ralstonia solanacearum. Ó máa ń dí ojú ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè nínú igi, ìdí nìyẹn tí igi fi ń kú sínú òùngbẹ nígbà tí ilẹ̀ ń rin. Kò sí oògùn tí ènìyàn máa fọ́n sí ewé tó máa wò ó sàn. Mo hú gbogbo wọn, mo jó wọn, mo gbin àgbàdo síbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ògiri kejì, níbi tí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé yẹn kò tíì dé rí, ni mo gbé ikàn lọ, ibẹ̀ náà ló sì wà báyìí.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ní March tàbí April, mo máa ń wọ́n hóró rẹ̀ sínú ọpọ́n tó ti lu, tí mo ti bu ilẹ̀ àti ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa kún. Ìgbẹ́ adìẹ tútù á jó gbòǹgbò rẹ̀. Láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, wọ́n á ti yọjú. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, bí wọ́n bá ti ní ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún, mo máa ń ṣí wọn lọ sójú oòrùn ní ìrọ̀lẹ́, kí òru lè tu wọ́n lára, mo sì máa ń fi bí ẹsẹ̀ bàtà méjì sáàárín wọn. Eérú ni mo fi ń wọ́n ewé wọn nítorí àwọn kòkòrò tó ń lu ewé ní ihò. Kòkòrò tó ń wọnú èso lọ ló burú jù: bí orí ẹ̀ka kan bá rọ láìnídìí, ọmọ rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀. Mo máa ń gé orí ẹ̀ka náà kúrò, mo sì ń jó o.

Òdòdó rẹ̀ ni mo lè wò láti àárọ̀ dọ̀sán. Ó máa ń dojú kọlẹ̀ bí ọmọ tí ojú ń tì. Àwọ̀ rẹ̀ bí àlùkò tó ṣá, ọ̀pá kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè sì kóra jọ láàárín rẹ̀. Inú ọ̀pá wọ̀nyí ni àtíkè òdòdó wà, ṣùgbọ́n wọn kò là. Ihò tín-ín-rín ló wà lórí wọn bí ti agolo iyọ̀. Oyin tó ń ṣe afárá kò mọ bí a ṣe ń kó o jáde. Kòkòrò dúdú ńlá kan tó jọ oyin, tó máa ń gbẹ́ igi gbẹ sùn sí, ló mọ̀ ọ́n. Ó bà lé òdòdó níṣojú mi, ó dì mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ sì yí padà lójijì, ó ga, ó dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Òdòdó náà gbọ̀n, àtíkè dà sí i láyà. Níbi tí kòkòrò yìí kò bá sí, afẹ́fẹ́ tó ń mi igi náà lè ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Èmi a tún máa fi ìka ta ìdí òdòdó láàárọ̀.

Ní ti jíjẹ, ẹ ká a nígbà tí awọ rẹ̀ bá ṣì ń dán. Mo máa ń bọ̀ ọ́, mo ń bó o, mo ń gún un pẹ̀lú ata rodo, mo sì ń da epo, irú àti ẹja gbígbẹ lé e. Iṣu gbígbóná ni kí ẹ fi jẹ ẹ́. Èyí tí oòrùn jó, tí kò rómi mu, máa ń korò jù.

Lọ́dọọdún, mo máa ń yan èso kan lórí igi tó dára jù, mo ń so òwú pupa mọ́ ọrùn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ká a. Hóró inú ikàn funfun rọ̀, kì í hù. Inú èyí tó pọ́n ni irúgbìn wà. Aládùúgbò mi kan, ọmọdé ni sí mi, ń yọjú láti orí ògiri lọ́dún tó kọjá. Ó ní, "Àǹtí, ikàn yín ti ń bàjẹ́ lórí igi o." Mo ní kó wọlé wá. A jọ la èso náà, a fi omi fọ hóró rẹ̀, a da èyí tó léfòó nù, a sá èyí tó rì sórí àwo lábẹ́ ìbòòji. Mo wé ìdajì fún un nínú bébà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí sí ojú ògiri. Igi rẹ̀ mẹ́ta ti so. Ó nawọ́ sí ọ̀kan tó ti ń pọ́n nísàlẹ̀, òwú pupa wà lọ́rùn rẹ̀.