Ríra Kọ̀ǹpútà Olójú Fífẹ̀ fún Ẹni Tí Owó Rẹ̀ Mọ Níwọ̀n

Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Ẹni tí ó bá ka ọ̀rọ̀ mẹ́rin wọ̀nyí nínú ìwé tí a tẹ̀ dáradára kò ní pẹ́ mọ èyí tí í ṣe baálé, èyí tí a fi ń ro ilẹ̀, èyí tí a ń wọ̀ lọ sí ìrìn àjò àti èyí tí jagunjagun ń jù. Ṣùgbọ́n bí ó bá kà wọ́n lójú kọ̀ǹpútà tí kò fẹ̀, tí kò sì mọ́lẹ̀, ní òru, nígbà tí ojú ti rẹ̀ ẹ́, àmì orí wọn a máa dàpọ̀ mọ́ra, àmì abẹ́ wọn a sì máa wọ inú ìlà lọ. Nítorí èyí ni ọ̀rọ̀ ojú kọ̀ǹpútà fi kan ẹni tí ń kọ Yorùbá ju ẹni tí ń kọ èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ àpilẹ̀kọ ọgọ́ta ojú ewé, tí kò sì rí àmì tí ó fi sí orí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ni yóò bá a rí i, bíírò pupa ni yóò sì fi í hàn án.

Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ ìlú méjì tí iṣẹ́ ìwé kì í ṣe ohun tuntun nínú wọn. Ọdún 1855 ni T. J. Bowen, ajíhìnrere ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ọdún 1858 ni a sì tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1896 ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, tí ó sì fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ olùkọ́ ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ káàkiri. Lónìí, LAUTECH, tí a dá sílẹ̀ ní 1990, wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ajayi Crowther University àti Emmanuel Alayande University of Education wà ní Ọ̀yọ́. Iṣẹ́ tí àwọn ará ìṣáájú fi kálàmù ṣe, kọ̀ǹpútà ni àwọn ti òde òní fi ń ṣe é. Owó tí wọn yóò fi rà á ni ìṣòro.

Ìṣòro náà kì í sì í ṣe kékeré. Kí ó tó di oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní iye tí ìjọba fi lélẹ̀. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti ju 1,500 náírà lọ. Kọ̀ǹpútà àlòkù tí oníṣòwò rà ní 200 dọ́là lókè òkun kò tó 100,000 náírà ní ìgbà àkọ́kọ́. Ó di 300,000 náírà ní ìgbà kejì, kí a tó ka owó ọkọ̀ àti èrè mọ́ ọn. Owó oṣù tí ó kéré jùlọ tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin gbé kalẹ̀ ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì fi tirẹ̀ sí 80,000. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ tí ń gba iye yìí ní láti kó owó bí oṣù mẹ́rin jọ láìjẹun. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gba 20,000 náírà lóṣù gẹ́gẹ́ bí owó ìtọ́jú láti ọwọ́ NELFUND yóò fi oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó o jọ. Ẹni tí ó bá ná irú owó bẹ́ẹ̀ sórí ohun tí kò yẹ kò ní tètè rí òmíràn ná.

Ohun tí olùrà máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni iye ínṣì, ohun tí ó sì tètè máa ń tan ènìyàn nìyẹn. Láti igun kan dé igun tí ó kọjú sí i ní ìbú ni a ń wọn ojú kọ̀ǹpútà, nítorí náà iye ínṣì kò sọ bí ó ti ga tó tàbí bí ó ti fẹ̀ tó. Ojú oní-ínṣì 14 tí ó wọ́pọ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 31, ó sì ga tó 17.4. Oní-ínṣì 15.6 fẹ̀ tó 34.5, ó ga tó 19.4. Oní-ínṣì 17.3 fẹ̀ tó 38.3, ó ga tó 21.5. Ṣùgbọ́n oríṣi oní-ínṣì 16 kan wà láàrin àwọn tuntun tí ìfẹ̀ rẹ̀ kò ju ti oní-ínṣì 15.6 lọ, tí gíga rẹ̀ sì bá ti oní-ínṣì 17.3 dọ́gba. Ẹni tí ń ka ìwé ń lo gíga ju ìfẹ̀ lọ, nítorí òkè sí ìsàlẹ̀ ni ìlà ìwé ń tò. Ìwé A4 ga ní sẹ̀ǹtímítà 29.7, kò sí ọ̀kan nínú àwọn ojú wọ̀nyí tí ó lè fi odindi rẹ̀ hàn láìsọ ọ́ di kékeré.

Ohun kejì, tí ọ̀pọ̀ olùrà kì í bèèrè rárá, ṣe pàtàkì ju ínṣì lọ. Gbogbo ohun tí a ń rí lójú kọ̀ǹpútà, èérún ìmọ́lẹ̀ wínníwínní ni ó kóra jọ di í. Ojú tí a kọ 1366 × 768 sí lára ní èérún tí ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù kan. Èyí tí a kọ 1920 × 1080 sí ní ju mílíọ̀nù méjì lọ. Bí a bá fi méjèèjì sí ojú oní-ínṣì 15.6, nǹkan bí 100 èérún ni yóò bọ́ sínú ínṣì kan lára ti àkọ́kọ́, 141 lára ti èkejì. Kí a wá mú lẹ́tà tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ pọ́ìntì 12, kí a jẹ́ kí ó tóbi gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lórí ìwé: èérún bí 17 péré ni ojú àkọ́kọ́ ní láti fi ya lẹ́tà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, nígbà tí èkejì ní 23. Nínú èérún díẹ̀ wọ̀nyí ni ara lẹ́tà, àmì orí àti àmì abẹ́ yóò ti pín ààyè. Abájọ tí àmì abẹ́ ọ fi ń dà bí ìdọ̀tí lásán lójú àwọn kọ̀ǹpútà kan.

Nípa bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà oní-ínṣì 17.3 tí èérún rẹ̀ jẹ́ 1600 × 900 kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju oní-ínṣì 15.6 tí kò mọ́ lọ. 106 péré ni ó ní nínú ínṣì kan. Lẹ́tà yóò tóbi, kò ní mọ́ kedere. A lè rí àwọn tí irú rẹ̀ wúlò fún, pàápàá àwọn tí ojú wọn kò ríran tó. Federal College of Education (Special) tí a dá sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1977 ti kọ́ olùkọ́ púpọ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn akàndá, irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ sì mọ̀ pé lẹ́tà ńlá tí kò dán tó sàn fún ẹlòmíràn ju lẹ́tà kékeré tí ó dán bíi dígí lọ. Fún ẹni tí ojú rẹ̀ le, 15.6 tí ó ní 1920 × 1080 ni kí ó wá.

Ó yẹ kí a ṣe ìkìlọ̀ kan níhìn-ín. Kì í ṣe gbogbo àmì tí ó bá yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀ ni ẹ̀bi ojú kọ̀ǹpútà. Nínú ètò lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé ń lò, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ́ tàbí ẹ̀. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni a ń gbé lé ara wọn, irú lẹ́tà tí a bá sì yàn ni yóò sọ bóyá àmì náà yóò jókòó sí àárín tàbí yóò fò sí ẹ̀gbẹ́. Kí olùrà pààrọ̀ irú lẹ́tà kí ó tó bínú sí ẹ̀rọ. Windows sì ní àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá nínú ara rẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni san owó fún oníṣòwò nítorí kí ó lè bá a fi í sí i.

Tuntun ha ni kí ènìyàn rà tàbí tòkunbọ̀? Orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wálé ni Tòkunbọ̀, kò sì sí orúkọ tí ó bá àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí mu jù ú lọ. Púpọ̀ nínú wọn ti ṣiṣẹ́ ọdún mélòó kan ní ọ́fíìsì ní ilẹ̀ òyìnbó kí a tó kó wọn dé Ìkejà, kí wọ́n tó ti ibẹ̀ dé Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Iye owó kan náà tí ó ra ẹ̀rọ tuntun aláìlágbára lè ra ẹ̀rọ ọ́fíìsì tòkunbọ̀ tí ó le, tí a sì lè tú láti fi RAM kún un. Nọ́ńbà orúkọ wọn pàápàá máa ń sọ bí ojú wọn ti tó: HP EliteBook 840 jẹ́ oní-ínṣì 14, 850 jẹ́ 15.6, ThinkPad T480 jẹ́ 14, T580 jẹ́ 15.6, Dell Latitude 5490 jẹ́ 14, 5590 jẹ́ 15.6.

Ọjọ́ orí ẹ̀rọ ni kí a wò tẹ̀lé e. Lára Intel, nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé àmì ìdè ni ó ń fi ìran hàn: i5-7200U jẹ́ ìran keje, i5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ, i5-10210U jẹ́ ìkẹwàá. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìran keje àti ìkẹjọ kì í ṣe ti ẹnu lásán. Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú gbogbogbòò fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 kò sì fẹ́ gba èyí tí ó ṣáájú ìran kẹjọ, àfi ìwọ̀nba díẹ̀. Àwọn kan a máa fi ọgbọ́n gbé e wọ inú ẹ̀rọ àtijọ́. Ọgbọ́n wọn ni, kì í ṣe àdéhùn Microsoft. Kí RAM má ṣe dín ní gígábáìtì 8, kí ibi ìkópamọ́ sì jẹ́ SSD, nítorí èyí tí ń yí bí òòlọ̀ nínú ẹ̀rọ yóò mú kí èyíkéyìí di arọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù, kí olùrà má ṣe jẹ́ kí a fi àwòrán òdòdó tí ń tàn yòò ṣe é lójú. Kí ó ṣí ojú ewé funfun, kí ó tẹ Yorùbá sí i pẹ̀lú àmì rẹ̀ gbogbo, kí ó sún sẹ́yìn bí ọwọ́ ti gùn tó, kí ó kà á. Kí ó wò ó láti ẹ̀gbẹ́ àti láti òkè pẹ̀lú: ojú tí ń jẹ́ IPS kì í pa àwọ̀ dà, oríṣi àtijọ́ a máa dúdú tàbí kí ó funfun báláú. Kí ó sọ gbogbo ojú náà di funfun, lẹ́yìn náà kí ó sọ ọ́ di dúdú, kí ó fi wá èérún tí ó ti kú. Kí ó ṣí i, kí ó sì pa á dé ní ìgbà mẹ́wàá, nítorí bí ojú ti fẹ̀ tó ni ìdè rẹ̀ ń jìyà tó. Ní ti bátìrì, àṣẹ kan wà nínú Windows, powercfg /batteryreport, tí ń fi nọ́ńbà méjì hàn: agbára tí a dá bátìrì mọ́ àti èyí tí ó kù nínú rẹ̀. Bí èkejì kò bá tó ìdajì èkíní, kí a yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí a ń ná an. Oníṣòwò tí kò bá gbà kí a tẹ àṣẹ yìí ti dáhùn ìbéèrè náà.

Iná mànàmáná IBEDC kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ní ìlú méjèèjì, ojú fífẹ̀ sì ń jẹ iná ju kékeré lọ. Wáàtì 65 ni ṣájà ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ọ́fíìsì. Ti àwọn oní-ínṣì 17.3 tí a ṣe fún eré lè tó 150 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí yóò dá jẹnẹrétọ̀ kékeré lágara. Ìwúwo náà ń bẹ. Kìlógíráàmù méjì, tàbí kí ó dín díẹ̀, ni 15.6 ti ọ́fíìsì, 17.3 a máa súnmọ́ mẹ́ta, ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ sì lé ní 50 kìlómítà.

Olùkọ́ tí kì í gbé iṣẹ́ rẹ̀ kúrò nílé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní í wá kọ̀ǹpútà olójú fífẹ̀ rárá. Kí ó ra tòkunbọ̀ oní-ínṣì 14, kí ó sì ra ojú kọ̀ǹpútà àgbékalẹ̀ tòkunbọ̀ oní-ínṣì 24 lọ́tọ̀. Èyí fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 53, ó ga tó bí 30, nítorí náà ìwé A4 méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí rẹ̀ ní ìwọ̀n tiwọn gan-an: iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀tún, ìwé tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ náà ti kà ní òsì. Èérún inú ínṣì rẹ̀ kò pọ̀, bí 92 ni, ṣùgbọ́n a kì í jókòó tì í bí a ti ń jókòó ti alágbèéká. Bí iná bá lọ, òun a kú, alágbèéká a sì máa bá iṣẹ́ lọ. Bí kọ̀ǹpútà bá gbó, òun a dúró de èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀. Kí olùrà ṣáà ti wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó tó sanwó: ọ̀pọ̀ àwọn àtijọ́ kò ní ju ihò VGA lọ, HDMI ni ọ̀pọ̀ alágbèéká òde òní sì ń lò, a ó sì ra ohun tí yóò so wọ́n pọ̀.