Bàtà Gogoro Lẹ́sẹ̀ Ọkùnrin

Ní Paouignan, ní ilẹ̀ Benin, níbi tí títì gbà wọ àárín òkè Ìdáàṣà, bí ọkùnrin bá wọ bàtà gogoro jáde, àfàìmọ̀ kí àwọn àgbà má kọ hàà pé ọmọ ti gbé àṣàkaṣà wọlé, nítorí aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin ló kọ́kọ́ ni bàtà náà: àwọn ẹlẹ́ṣin Páṣíà ló ń fi gìgísẹ̀ rẹ̀ há irin ìfẹsẹ̀tẹ̀ gàárì, kí wọ́n lè dúró ta ọfà lórí ẹṣin tó ń sáré, Louis kẹrìnlá, ọba Faransé tó wàjà ní 1715, sì ń wọ onígìgísẹ̀ pupa.

Kí a tilẹ̀ fi ti òyìnbó sílẹ̀: ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin yìí kan náà, ọkùnrin ní ń ró ìró, tí í so ọmú igi mọ́yà, tí í fi aṣọ di ìdí ràgàjì, tí ṣaworo irin ń dún lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀, láti fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ júbà àwọn ìyá wa Òṣòròǹgà, ijó tí UNESCO bu ọlá fún ní 2001. Òrìṣà ló fún un láàyè, mo gbà. Ṣùgbọ́n ojú tó ti wo ìyẹn kò yẹ kó fọ́ nítorí bàtà. Ẹlẹ́gùn Ṣàngó, ìránṣẹ́ Olúkòso, a sì máa dirun bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, kò sí ẹni tó jẹ́ bi í léèrè.