Lẹ́yìn Ìwé-Ẹ̀rí Dókítà

Bí mo bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ terminale D ní Tchaourou pé kí ni wọ́n fẹ́ dà, ọ̀pọ̀ á ní dókítà. Ó dára. Ṣùgbọ́n n kò tí ì gbọ́ kí ẹnì kan sọ pé òun fẹ́ máa ṣe ìwádìí àrùn. Wọ́n rò pé iṣẹ́ òyìnbó ni. Wọn kò mọ̀ pé owó ìrànwọ́ wà fún ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àti pé ọmọ Yorùbá ni ó kọ́kọ́ darí ọ̀kan nínú àwọn ètò tó ń fúnni.

Adétòkunbọ̀ Lucas, tí a bí ní Èkó ní 1931, jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn kí Àjọ Ìlera Àgbáyé (OMS) tó pè é sí Genève. Láti 1976 sí 1986 ni ó fi darí TDR, ètò ìwádìí àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí àrùn ilẹ̀ olóoru. Ẹ kíyè sí "ìdánilẹ́kọ̀ọ́" yẹn: kì í ṣe oògùn nìkan ni wọ́n ń náwó lé lórí, wọ́n ń náwó lórí ọ̀dọ́ olùwádìí láti orílẹ̀-èdè tí àrùn náà ti ń bá jà.

Ìfọ́jú ẹ̀bádò wà lára àwọn àrùn náà. Níbi tí omi bá ti ń sáré ni eṣinṣin kékeré tó ń gbé e kiri ti ń yé. Orílẹ̀-èdè wa wà lára méje àkọ́kọ́ tí wọ́n ti gbógun tì í ní 1974, tí hẹlikọ́pítà ń fọ́n oògùn sórí odò. Ní 1981, ní Dakar, Mohammed Aziz, dókítà ọmọ Bangladesh, dán ivermectin wò lára àwọn aláìsàn. Ní 1987, ilé-iṣẹ́ Merck kéde pé ọ̀fẹ́ ni òun yóò máa fi í tọrẹ. Ṣùgbọ́n oògùn ọ̀fẹ́ kì í dá rìn dé abúlé. Àwọn olùwádìí Áfíríkà tí TDR ràn lọ́wọ́ ni wọ́n fi hàn pé bí abúlé bá fúnra rẹ̀ yan ẹni tí yóò pín in, oògùn náà á dé ọwọ́ aráàlú.

Ti ẹ̀dọ̀fóró ńkọ́? Benin wà lára orílẹ̀-èdè márùn-ún tí wọ́n ti dán an wò bóyá oṣù mẹ́rin lè tó fún ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ (tuberculose) dípò mẹ́fà. Aláìsàn 1,836 ni ó kópa. Èsì jáde ní 2014: pẹ̀lú oògùn tí wọ́n lò, oṣù mẹ́rin kò tó. Àwọn kan á ní asán ni. Èmi kò gbà, nítorí ní 2021 ìwádìí mìíràn rí àpòpọ̀ oògùn oṣù mẹ́rin tó ṣiṣẹ́.

Ọ̀dọ́ tó bá jáde ní ẹ̀ka ìṣègùn Yunifásítì Parakou, nítòsí wa níhìn-ín, lè wá irú owó yìí ní TDR, tàbí ní EDCTP, àjọṣe Yúróòpù àti Áfíríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003. Èyí tó wù mí jù ni èyí tí ọ̀dọ́ fi ń lọ kọ́ ìwádìí oògùn níbòmíràn, kí ó tó padà sí ibi iṣẹ́ tó rán an. (Ẹ̀yin òbí tó ń bẹ̀rù pé ọmọ tó bá lọ kì í bọ̀, ẹ gbọ́ èyí.) Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ìwé ìbéèrè náà, ìyẹn sì ń dí àwa tí a kọ́ ìwé Faransé lọ́nà. Kí ẹ má fojú kéré kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì.

Wọ́n sì ń fẹ́ ìbéèrè ìwádìí tó mọ́ kedere. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ ìbéèrè kan lórí àrùn tí wọ́n rí nílé. Ọmọbìnrin kan kọ tirẹ̀ ní Yorùbá: èéṣe tí ìyá àgbà òun tó ń fi igi dáná fi ń wúkọ́, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣomi, tí ti bàbá àgbà kò sì rí bẹ́ẹ̀? A kò tí ì nù ún kúrò lójú pátákó.