Ibi tí Òkè Parí sí

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ní Ìjẹ̀gùn wa yìí, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé bí ènìyàn bá ti rí ṣóńṣó òkè níwájú, iṣẹ́ ti bùṣe. Èrò yìí léwu, pàápàá fún olùkọ́ tí yóò kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sí òkè Ìdànrè, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ju 600 lọ.

Ẹ jẹ́ kí á wo òkè Kamẹrúùnù, tí ó ga tó nǹkan bí mítà 4,040. Ní ọdún 1973 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré ìje kan láti ìlú Buea lọ sí orí rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé òpin eré náà kò sí lórí òkè: ẹni tí ó bá kọ́kọ́ padà dé Buea ni ó gba ẹ̀bùn.

Kí ni ó mú kí apá ìkẹyìn ìrìn òkè nira? Èkíní ni afẹ́fẹ́. Ní nǹkan bí mítà 4,000, èémí kan kò ní ju bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún agbára tí ó ní létí òkun. Orí a máa fọ́ni, ìrònú a sì máa lọ́ra. Èkejì ni òtútù, nítorí ooru a máa dín ní bí ìwọ̀n 6 Sẹ́ńtígíréèdì ní gbogbo mítà 1,000 tí a bá gùn. Ẹ̀kẹta ni ẹsẹ̀. Nígbà tí a bá ń sọ̀kalẹ̀, iṣan itan ni ó ń dá ara dúró. Bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́, orúnkún a máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ a sì máa yọ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1895, arábìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Mary Kingsley, gun òkè Kamẹrúùnù. Òtútù àti àárẹ̀ dá àwọn tí ó bá a lọ dúró. Òun nìkan ni ó dé ṣóńṣó, ìkùukùu kò sì jẹ́ kí ó rí ohunkóhun níbẹ̀.

Ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, òkè Kilimanjaro ga tó mítà 5,895. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá ọdún 1889, Hans Meyer ará Jámánì àti Ludwig Purtscheller ará Austria dé etí ihò ńlá tí ó wà lórí rẹ̀. Wọ́n rí ṣóńṣó, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ wọ́n, ọjọ́ sì ti lọ. Wọ́n padà. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù náà, wọ́n tún gòkè, wọ́n sì dé ibi tí ó ga jù lọ. Bí wọ́n bá ti fi agídí lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, bóyá ọjọ́ kejì kì bá tí sí.

Nítorí náà, kí olùkọ́ tó gbéra, kí ó ti dá wákàtí tí yóò padà, ì báà ṣe pé ṣóńṣó kù díẹ̀. Kí ó pín omi àti oúnjẹ sí méjì, kí ìdajì kù fún ìsọ̀kalẹ̀. Kí ọmọ tí ó rẹ̀ jù máa rìn níwájú, kí àwọn ìyókù máa tẹ̀ lé ìrìn rẹ̀. Àwọn àgbà ní, ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Ìgbà tí a bá ka àwọn ọmọ ní ẹsẹ̀ òkè, tí wọ́n sì pé, ni a tó lè sọ pé a gun òkè náà tán.