Ṣé o mọ̀? Ojú tí wọ́n yọ ṣì lè da omijé

Bí fóònù bá ya ọmọdé l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo), tí iná rẹ̀ kọ, tí ọmọlójú kan pọ́n tí èkejì sì funfun, má pa fọ́tò náà rẹ́. Ó lè jẹ́ retinoblastoma, jẹjẹrẹ ẹ̀yìn ẹyinjú tó sábà máa ń mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5.

Bó bá ti le jù, dókítà á yọ ẹyinjú náà, kí àrùn má bàa gba okùn ìríran wọ ọpọlọ. Wọ́n á kun ọmọ lóorun, wọ́n á gé iṣan 6 tó ń yí ojú kúrò lára ẹyinjú, wọ́n á gé okùn ìríran, wọ́n á sì fi bọ́ọ̀lù kékeré kan dípò. Ìpéǹpéjú àti orísun omijé ò kúrò níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí omijé fi ṣì lè dà níbẹ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 6, ojú àtọwọ́dá á wọlé: kì í ríran, àmọ́ ó máa ń yí díẹ̀, wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀ bí ọmọ ṣe ń dàgbà.

Bí o bá rí funfun yẹn, gbé ọmọ lọ rí dókítà ojú lọ́sẹ̀ yìí gan-an, ì báà ṣe l'Ájàṣẹ́ tàbí ní ilé ìwòsàn CNHU ní Kútọnu.